Ọmọ Yìí Ò Tíì Sọ̀rọ̀: Ohun Tí Wọ́n Ń Ṣe Níbi Àyẹ̀wò Ìdàgbàsókè

Láàárín wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ tí wọn kò ní rí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n kan tọ́ka sí pé òun náà pẹ́ bẹ́ẹ̀. "Ọkùnrin ni, ọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀." "Bàbá ẹ̀ náà ti lé lọ́dún mẹ́ta kó tó pè mí ní màámi." Ìyá àgbà tó ń sọ ọ́ kò purọ́. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n pẹ́ lóòótọ́, wọ́n sì wá dẹni tí ẹnu wọn kì í sinmi. Ohun tí ìyá àgbà kò lè mọ̀ lórí ìjókòó ni irú èyí tí ọmọ tó ń ṣeré lẹ́sẹ̀ rẹ̀ jẹ́: ṣé èyí tí yóò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ni, àbí èyí tí kò gbọ́ràn, àbí èyí tó nílò kí wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ lọ́nà tó yàtọ̀? Láti mọ èyí ni wọ́n ṣe ń mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ìdàgbàsókè.

Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè fà, kò sí fọ́tò tí wọ́n lè yà sí orí ọmọ, tí yóò jáde wá sọ pé ọmọ yìí ní ọ́tíísìmù (autism), ìyàtọ̀ ọpọlọ tó ń hàn nínú bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ àti bó ṣe ń bá wọn lò. Wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ o, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá nǹkan mìíràn ló ń fà á sẹ́yìn, bíi tairọ́ọ̀dù tó wà lọ́rùn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni gbogbo ìdájọ́ náà dúró lé: ohun tí àwọn tó ń tọ́ ọmọ sọ, àti ohun tí ọmọ ṣe lójú àwọn tó ń wò ó. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé òbí ni ẹlẹ́rìí àgbà nínú ọ̀ràn yìí. Dókítà tó mọṣẹ́ jù lọ ò lè rìn kọjá ibi tí ẹ̀rí bá mú un dé. Òbí tó bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́, tàbí tó ṣe àbùmọ́ kí ojú má tì í, òun fúnra rẹ̀ ló ba àyẹ̀wò náà jẹ́.

Ìpele méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń da méjèèjì pọ̀. Ti àkọ́kọ́ dà bí asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ gaàrí: ó ń dá àwọn ọmọ tó yẹ ká tún wò dúró, kò sì sọ ohun tó ṣe wọ́n. Ìwé ìbéèrè ni wọ́n sábà máa ń lò. Èyí tí wọ́n ń pè ní ASQ-3 ní ìbéèrè 30 fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, lórí ọ̀rọ̀ sísọ, ìrìn àti ìfò, iṣẹ́ ìka ọwọ́, ọgbọ́n láti yanjú ìṣòro, àti bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn lò. Òbí yóò dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni", "nígbà mìíràn" tàbí "kò tíì ṣe é". Ti ọ́tíísìmù tí wọ́n mọ̀ sí M-CHAT-R jẹ́ ìbéèrè 20, fún ọmọ oṣù 16 sí oṣù 30. Bí o bá na ìka sí nǹkan kan lápá kejì yàrá, ṣé ọmọ á wo ibẹ̀? Ṣé ó máa ń mú nǹkan wá fi hàn ọ́, kì í ṣe pé ó fẹ́ kí o bá òun ṣí i, kí o kàn ṣáà bá òun wò ó? Iye ìdáhùn tó ń kọni lóminú ni wọ́n ń kà: ọmọ tó bá gba 0 sí 2, ewu rẹ̀ kéré. Tó bá jẹ́ 3 sí 7, wọ́n ní láti tún pe òbí jókòó, kí wọ́n tú ìdáhùn rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Tó bá ti di 8 sókè, kí wọ́n máa mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò kíkún ló kù. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí asẹ́ yìí bá dá dúró ló ní ọ́tíísìmù, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló nílò ìrànlọ́wọ́ kan tàbí òmíràn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tó yẹ kí ọmọ ti máa ṣe? Ní 2022, àjọ CDC ti ìjọba Amẹ́ríkà tún ìwé rẹ̀ lórí ìdàgbàsókè ọmọ ṣe. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ìdajì àwọn ọmọ ń ṣe ní ọjọ́ orí kan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ọmọ tí kò bá tíì ṣe é, dókítà á ní ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná, torí ìdajì ẹgbẹ́ rẹ̀ náà kò tíì ṣe é. Ní báyìí, ohun tí ọmọ 75 nínú 100 ń ṣe ni wọ́n ń kọ, kí "ẹ jẹ́ ká máa wò ó" lè dín kù. Nínú ìwé náà, ọmọ oṣù 18 ti ń gbìyànjú láti pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta ó kéré tán, yàtọ̀ sí màmá àti dádì, ó sì ń na ìka sí ohun tó wù ú láti fi hàn ọ́. Ọmọ ọdún méjì ti ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ọmọ oṣù 30 ti ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 50.

Wọ́n yọ rírá kúrò nínú ìwé yẹn pátápátá, inú mi sì dùn sí i, torí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò rá ti jẹ ìyà ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn aládùúgbò. Àjọ Ìlera Àgbáyé tọpa àwọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Gánà wà lára wọn, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Nǹkan bí ọmọ 4 nínú 100 ni kò fi ọwọ́ àti orúnkún rá rí, wọ́n sì rìn. Láàárín oṣù 8 sí nǹkan bí oṣù 18 ni àwọn ọmọ tí ara wọn dá ti ń dá rìn. Àwa náà mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ń tọ́ ọmọ wà nínú rẹ̀. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ, tó ń fi omi gbígbóná jó o, tó ń nà á lápá nà á lẹ́sẹ̀, tó ń fi ìrọ̀rí yí i ká kó lè jókòó, ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ọmọ yẹn. Onímọ̀ kan, Charles Super, kọ ọ́ ní 1976 pé àwọn ọmọ Kipsigis ní Kẹ́ńyà máa ń tètè jókòó, wọ́n sì máa ń tètè rìn ju àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lọ, nítorí àwọn ìyá wọn mọ̀ọ́mọ̀ ń kọ́ wọn ní nǹkan wọ̀nyẹn. Ohun tí àwọn ìyá wọn kò kọ́ wọn, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yá nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n nà dáadáa, tó sì pé oṣù mẹ́sàn-án tí kò lè jókòó láìfara ti nǹkan, kí wọ́n má sọ pé ọ̀lẹ ni.

Ìpele kejì ni àyẹ̀wò kíkún. Nígbà tí ọmọ bá dé iwájú dókítà àwọn ọmọdé, kì í ṣe ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi ní nǹkan. Oyún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé oṣù rẹ̀ pé? Níbo ni wọ́n ti bí i, ṣé ọsibítù ni, ilé agbẹ̀bí, àbí ilé ìgbẹ̀bí ti ṣọ́ọ̀ṣì? Báwo ni ìrọbí ṣe pẹ́ tó? Ṣé ó ké lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó jáde, àbí wọ́n nà án nídìí kó tó mí? Ọmọ tí atẹ́gùn kò tó ọpọlọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìbí lè gbé àbájáde rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣé ó ní gìrì rí? Ṣé ojú rẹ̀ pupa rúsúrúsú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣé wọ́n gbé e sábẹ́ iná, àbí oòrùn àárọ̀ ni wọ́n kàn ń gbé e sí?

Lórí ìbéèrè yìí, ẹ má yára kọjá. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa, pàápàá àwọn ọkùnrin, ni kò ní in tó. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí wọ́n fi káńfọ̀ sí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ìpupa yẹn, tó bá pọ̀ dé ọpọlọ, ó lè ba etí jẹ́, ó sì lè sọ apá àti ẹsẹ̀ di ohun tí ọmọ kò lè ṣàkóso mọ́. Mélòó nínú àwọn aṣọ tí wọ́n bá wa tọ́jú pamọ́ de ìkókó ni kò ní káńfọ̀ nínú? Ìyá tó bá rántí èyí, tó sọ ọ́, ti tọ́ dókítà sọ́nà débi tó pọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dá a lẹ́bi. Ohun tí wọ́n bá mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ ni yóò sọ ibi tí wọ́n máa wò lára ọmọ.

Wọ́n á béèrè nípa ẹbí pẹ̀lú. Ta ló ya odi, ta ló ní wárápá, ta ni kò lè kàwé láìka bí wọ́n ṣe ràn án lọ́wọ́ tó? Ibí yìí ni irọ́ pọ̀ sí jù. Ọkọ jókòó, ìyá ọkọ jókòó, ìyàwó ò lè sọ pé àbúrò òun ò sọ̀rọ̀ títí ó fi tó ọmọ ọdún márùn-ún, kí wọ́n má baà ní àwọn ará ilé rẹ̀ ló mú un wá. Ọkọ náà kì í fẹ́ kí ti ẹbí tirẹ̀ hàn. Bí ọ̀rọ̀ bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí dókítà jẹ́ kí ẹ dá bá òun sọ̀rọ̀. Wọn kì í kọ̀. Àgbo tí ẹ ti fún ọmọ, okùn ahọ́n tí ẹnì kan ti gé fún un pé òun ló di ọ̀rọ̀ mú, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ sọ.

Lẹ́yìn èyí, etí ló kàn, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. "Ó ń gbọ́ràn o, tí mo bá ti gbá ilẹ̀kùn, á yíjú." Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu òbí tí n kò lè kà tán. Ilẹ̀kùn tó gbá kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ lè gbọ́ ohùn tó dún bí ìlù, kó má gbọ́ "s" àti "f" rárá. Ó lè gbọ́ lónìí kó má gbọ́ lọ́la torí omi tó wà lẹ́yìn awọ etí rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń tì bọ etí. Ó máa ń dún, á sì tẹ́tí sí ìró tí inú etí dá padà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Èkejì, wọ́n á lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ nígbà tó bá ń sùn, wọ́n á wo bí ọpọlọ ṣe ń gba ìró. Ọmọ tó pẹ́ sọ̀rọ̀, tí wọ́n ṣàyẹ̀wò gbogbo ara rẹ̀ láìyẹ etí rẹ̀ wò, wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Àyẹ̀wò kíkún fúnra rẹ̀, eré ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Yàrá kékeré, ẹní nílẹ̀, búlọ́ọ̀kù onígi, bọ́ọ̀lù, ife, ọmọláńgidi, ìwé àwòrán. Wọ́n á to búlọ́ọ̀kù mélòó kan lórí ara wọn, wọ́n á fún ọmọ kó tò ó. Wọ́n ń ka iye tó tò, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń wo bó ṣe mú un, ọwọ́ wo ló lò, ṣé ọwọ́ kejì kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ṣé ó wo ojú ènìyàn nígbà tó wó, ṣé ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ju nǹkan kékeré sílẹ̀ láti wò ó bóyá á fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e ṣà á. Wọ́n á fún un ní ife tó ṣófo pẹ̀lú ọmọláńgidi: ṣé á fún ọmọ náà lómi mu, àbí á kàn máa yí ife náà lórí ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà? Wọ́n á fẹ́ ìfófò ọṣẹ sókè, wọ́n á sì dáwọ́ dúró lójijì. Dídáwọ́ dúró yẹn gan-an ni ìbéèrè. Ọmọ kan á wo ojú ẹni tó ń fẹ́ ẹ, á ké, á na ọwọ́ sí ìgò rẹ̀, á tún wo ojú. Òmíràn á gbé ọwọ́ àgbà náà lọ sórí ìgò bí ẹni ń lo irinṣẹ́, láìwo ojú rẹ̀. Òmíràn á kàn yí kúrò. Wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ wà níbòmíràn, wọ́n á sì dúró. Àwọn ìwọ̀n tó gbajúmọ̀ wà fún iṣẹ́ yìí: Bayley, tí Nancy Bayley gbé jáde ní 1969, tí wọ́n sì ti tún ṣe títí dé ẹ̀dà kẹrin, àti ADOS-2 fún ọ́tíísìmù. Ó lè gba wákàtí kan, ó lè gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọmọ bá rẹ̀ wọ́n á ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Kí òbí dákẹ́ ló ṣòro jù nínú yàrá yìí. Àwa kì í lè mú un mọ́ra. "Sọ fún àǹtí, sọ pé gúù mọ́níìnì! Ó mọ̀ ọ́n o, ó ń ṣe é nílé. Ka A, B, C fún wọn." Ọmọ á sì kà á láti A dé Z, òbí á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ò kọ A, B, C sílẹ̀. Ọmọ tó lè ka 1 dé 20 láìlè béèrè omi nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, orin ló kọ́ láti inú fóònù, kò tíì sọ̀rọ̀. Ẹ má kọ́ ọmọ sílẹ̀ de àyẹ̀wò. Ohun tó bá ń ṣe nílé tí kò ṣe níbẹ̀, ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ ṣáájú: bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣeré, bó ṣe ń binú, àti àwọn ìgbà tó ń fi ọwọ́ lu atẹ́gùn tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú kan máa ń wúlò fún wọn ju àlàyé wákàtí kan. Ẹ má mú un lọ lásìkò tó máa ń sùn, ẹ fún un lóúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ èdè wá ńkọ́? Ní Èkó, ní London, ní Houston, òbí Yorùbá máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ pé èdè méjì ló ń da ọmọ láàmú, kí wọ́n fi Yorùbá sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè méjì kì í fa àìsọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń sọ "omi", "gbé mi", "ball" àti "bye-bye" ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá ka ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan á ní méjì péré ni, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ti pẹ́. Ìyá tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já geere, tó wá fi èdè tó fi ń dápàárá, tó fi ń bínú, tó fi ń kí ọmọ ní oríkì sílẹ̀, ó dín ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ lójúmọ́ kù ni. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ mọ̀ ní èdè méjèèjì sínú ìwé kan, kí ẹ mú un dání. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà ní èdè tí ọmọ ń gbọ́ nílé, àyàfi tí kò bá ṣeé ṣe rárá.

Ti ìwà náà wà níbẹ̀. A ń kọ́ ọmọ pé kó má wo àgbà lójú. Òyìnbó tó bá rí ọmọ ọdún márùn-ún wa tó dojú kọlẹ̀ lè kọ ohun tí kò yé e. Ẹ sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má fi èyí tu ara yín nínú lórí ọmọ oṣù 15: a kò tíì kọ́ ọ ní ìtìjú yẹn, ó sì yẹ kó máa wo ojú ìyá rẹ̀ nígbà tó bá ń mu ọmú. Ní Màláwì, àwọn oníṣègùn tilẹ̀ ṣe ìwọ̀n tiwọn fún àwọn ọmọ abúlé, wọ́n gbé e jáde ní 2010, torí wọ́n rí i pé àwọn ohun tí ìwọ̀n òyìnbó ń béèrè, ọmọ ibẹ̀ kò rí wọn rí.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ẹ rí i pé wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní oṣù méjì ṣáájú àkókò, tó pé ọmọ ọdún kan lónìí, ọmọ oṣù 10 ni níbi àyẹ̀wò, títí yóò fi pé ọdún méjì.

Níbi èsì, ẹni méjì ni kó lọ, torí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n lè sọ orúkọ kan, wọ́n sì lè má sọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tó lọ́ra ní ibi púpọ̀, wọ́n máa ń sọ pé ìdàgbàsókè rẹ̀ pẹ́, wọn kì í yára sọ bí ọpọlọ rẹ̀ yóò ṣe rí lọ́jọ́ iwájú, torí ìwọ̀n ọpọlọ ọmọ kékeré kì í dúró lójú kan. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé á sàn?" nìkan. Ẹ béèrè pé kí ni ọmọ yìí ń ṣe báyìí, kí ló yẹ kó kàn, ta ni yóò kọ́ ọ, kí ni kí àwa máa ṣe nílé láàárín méjì. Ẹ gba èsì náà ní kíkọ.

Iye àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà kò tó nǹkan, ìdúró sì ń pẹ́. UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà àti ọsibítù Yunifásítì Ifẹ̀ wà lára àwọn ọsibítù ńlá tí lẹ́tà dókítà àdúgbò lè gbé yín dé. Ọsibítù ọpọlọ ti Yábàá ní ẹ̀ka ọmọdé ní Oṣòdì. Orúkọ Yábàá ń lé àwọn òbí sá, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, wèrè kọ́ ni wọ́n ń wá lára ọmọ níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omígbódùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lórí ìlera ọpọlọ ọmọdé. Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà lè pe ètò ìjọba ìpínlẹ̀ wọn tó wà fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn, láìgba lẹ́tà, bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún mẹ́ta; wọn kì í gba owó àyẹ̀wò, ọjọ́ 45 sì ni òfin fún wọn láti parí rẹ̀. Ní Ẹ́ńgíláàndì, nọ́ọ̀sì tó ń tọpa ọmọ ní láti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá wà láàárín ọdún méjì sí méjì ààbọ̀, ASQ-3 ni wọ́n sì ń lò. Nàìjíríà kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára la ní, wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á gún un, kò sì sí ẹni tó máa béèrè bóyá ó ń na ìka. Ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè.

Bí ọmọ yín bá ti pé oṣù 18 tí kò na ìka sí ohunkóhun láti fi hàn yín rí, tàbí tó ti ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì pàdánù wọn, ẹ má dúró de ìgbà tí yóò fi jọ bàbá rẹ̀. Ẹ lọ gba lẹ́tà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ẹ ń rí sílẹ̀ lálẹ́ òní.